Aláàfin Àtìbà: Ẹni tí Ó Tún Ilé Ọ̀yọ́ Kọ́

Àwa ará ilẹ̀ Ẹdẹ kò jẹ́ gbàgbé pé Aláàfin ni ó rán Tìmì wá ṣọ́ ọ̀nà àwọn oníṣòwò. Nígbà ayé Aláàfin Abíọ́dún, Dahomey pàápàá ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́.

Lẹ́yìn ikú Abíọ́dún ní 1789, ìjà àárín àwọn ìjòyè tú ilé náà ká. Àfọ̀njá gba Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Aláàfin Olúewu sì kú sójú ogun, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro.

Àtìbà, ọmọ Abíọ́dún, ni ó jọba ní Àgọ́-Ọjà, tí ó di Ọ̀yọ́ òde òní. Kò ní agbára bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó sì fi ààbò ilẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, nítòsí wa níhìn-ín.

Àtìbà fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn òun, dípò kí ó bá òun kú gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó wàjà ní 1859. Kúrunmí kọ Adélù, ogun Ìjàyè sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860: àtúnṣe tí ó dá ẹ̀mí kan sí pa ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Síbẹ̀, Ọ̀yọ́ kò parẹ́. Èdè rẹ̀ wà nínú Bíbélì wa, tí Crowther, ọmọ Òṣóògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀. Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, odi ìlú a máa wó; ẹ̀kọ́ tí a fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni kì í wó.