Eleanor Rathbone

Eleanor Florence Rathbone (ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1872 – ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1946) jẹ́ olóṣèlú àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn obìnrin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjàkadì rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wà lára ohun pàtàkì tó bí òfin tí ìjọba Brítéènì fi bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìrànwọ́ ọmọ fún àwọn ìyá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára àwọn ìdílé oníṣòwò ọlọ́rọ̀ Liverpool ni ó ti wá. Ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni bàbá rẹ̀, William Rathbone. Ní ọdún 1893, ó wọ Somerville College ní Oxford, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì náà kì í fún obìnrin ní oyè nígbà náà. Ní ọdún 1909, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ ìlú Liverpool.

Ìjà fún owó ìrànwọ́ ọmọ

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba máa ń san owó fún ìyàwó àwọn ọmọ ogun. Bí ọmọ bá ṣe pọ̀ sí ni owó náà ń pọ̀ sí. Rathbone wà lára àwọn tó bójú tó àwọn ìdílé wọ̀nyí ní Liverpool. Ó ṣàkíyèsí pé owó tó bá tẹ ìyá lọ́wọ́ tààrà a máa di oúnjẹ àti aṣọ ọmọ. Owó iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kì í wo iye ẹnu tó wà nílé: iye kan náà ni àpọ́n àti bàbá ọlọ́mọ márùn-ún ń gbà.

Kì í ṣe pé ìjọba kò tíì ran òbí kankan lọ́wọ́ rí. Ní ọdún 1909, David Lloyd George, mínísítà ètò ìṣúná, gbé ẹ̀dínwó owó orí kalẹ̀: òbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó £500 lè yọ £10 kúrò nínú owó tí wọn yóò bu orí lé, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún 16. Akọ̀wé àti olùkọ́ ni èyí ṣe láǹfààní. Owó aláàárù èbúté kò tilẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń gba irú owó orí bẹ́ẹ̀ lé. Kí ni wọn yóò wá dín kù fún un? Ọmọ tí ìyà ń jẹ jù lọ ni ẹ̀dínwó náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Rathbone ṣàlàyé èrò rẹ̀ nínú ìwé The Disinherited Family, tó jáde ní ọdún 1924. Àtakò kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rù pé àwọn agbanisíṣẹ́ yóò fi owó ọmọ kẹ́wọ́ láti gé owó iṣẹ́ kù. Ìwé náà yí William Beveridge lọ́kàn padà, ẹni tó fi owó ìrànwọ́ ọmọ sínú ìròyìn ńlá tó gbé jáde ní ọdún 1942.

Òfin ọdún 1945

Láti ọdún 1929 ni Rathbone ti wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láìsí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Nígbà tí àbá òfin náà dé ní ọdún 1945, bàbá ni ìjọba kọ pé kí wọ́n máa san owó náà fún. Rathbone sọ gbangba pé òun yóò dìbò tako òfin tí òun fúnra òun ti ń jà fún. Ìjọba fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin, wọ́n sì fi ìyá rọ́pò bàbá. Ṣílè 5 lọ́sẹ̀ ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àkọ́bí.

Ikú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e

Rathbone kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1946, nígbà tí ó ku oṣù méje kí àwọn ìyá tó gba owó àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹjọ. Ẹ̀dínwó owó orí ti àtijọ́ kò kúrò nílẹ̀. Òun àti owó ìrànwọ́ ọmọ jọ ń lọ títí di ọdún 1977, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kan ṣoṣo rọ́pò méjèèjì. Orí àkọ́bí ni èyí ti bẹ̀rẹ̀.