Táì Ṣólàárín

Augustus Táíwò Ṣólàárín, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Táì Ṣólàárín (1922–1994), jẹ́ olùkọ́, olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti òǹkọ̀wé àròkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ bíbí ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ní ọdún 1956. Àròkọ rẹ̀ kan tí ó jáde ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964 wà lára àwọn àròkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ jù lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

Ìbejì ni Ṣólàárín. Obìnrin ni Kẹ́hìndé rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College, Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí, kò tètè padà sílé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì ní Yunifásítì Manchester, ó sì tún kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1951 ó gbé Sheila Mary Tuer níyàwó, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a wá sí Nàìjíríà tí wọ́n sì jọ ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Mólúṣì àti Mayflower

Ní ọdún 1952 Ṣólàárín di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Mólúṣì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Orin ìsìn àti àdúrà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ láyé ìgbà náà. Ṣólàárín, tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, fẹ́ kí ìyẹn dópin. Àwọn alábòójútó kò gbà fún un, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, ó sì fi ipò náà sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọwọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà nígbà náà, olùkọ́ tí ó bá sì bá ìjọ jà ti dí ọ̀nà iṣẹ́ mọ́ ara rẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni ó padà sí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí Mayflower, ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn tí ń wá òmìnira ìsìn kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620 ni ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn yẹn ń wá ibi tí wọn yóò ti sin Ọlọ́run bí ó ti wù wọ́n. Ṣólàárín ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fi ipá mú ọmọ sìn ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń bá wọn kọ́ ilé. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ kì í wọ aṣọ ńlá: ṣòkòtò kúkúrú káńkì àti fìlà ni a fi ń dá a mọ̀ níbikíbi. Ó wà ní ipò ọ̀gá àgbà títí di ọdún 1976.

Àwọn àròkọ rẹ̀

Ìwé ìròyìn Daily Times ni Ṣólàárín ti kọ́kọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nínú àwọn ìwé rẹ̀ ni Towards Nigeria's Moral Self-Government (1959), Thinking with You (1965) àti To Mother with Love (1987), tí ó jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni May Your Road Be Rough, tí ó jáde ní ọjọ́ ọdún tuntun 1964.

Nínú rẹ̀ ó kí àwọn òǹkàwé kú ọdún, ó sì wúre fún wọn pé kí ọ̀nà wọn rí págunpàgun. Lójú ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó lásán ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá a máa wúre pé kí ọ̀nà là, kí ọ̀nà dán, pàápàá nígbà tí ọdún bá yí. Nítorí náà èpè ni etí Yorùbá kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó yé e pé ìṣòro ni òǹkọ̀wé kà sí olùkọ́ ènìyàn. Ìwúre tí a yí orí rẹ̀ kodò ni àròkọ náà, ọgbọ́n rẹ̀ sì wà nínú èdè tí kò fi kọ ọ́. Ẹni tí ó pàdánù iṣẹ́ nítorí àdúrà òwúrọ̀ ni àdúrà sọ di gbajúmọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò le. Bí olùkọ́ tí ó dúró níwájú kíláàsì ni ó ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì máa ń nani lẹ́gba ọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀ àwọn ìwé ìròyìn ṣì máa ń tún àròkọ náà tẹ̀ nígbà ọdún tuntun.

Òun àti ìjọba

Ní ọdún 1974, nígbà tí Yakubu Gowon yẹ ọjọ́ tí ó fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, Ṣólàárín kọ ìwé pélébé láti takò ó. Ìjọba Muhammadu Buhari fi í sí àtìmọ́lé fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ, láti 1984 di 1985, bí ó tilẹ̀ ní àrùn ikọ́ ẹ̀fúùfù. Ní 1989 ó di alága Báńkì Àwọn Ènìyàn. Ó tún jáde pẹ̀lú àwọn tí ó fẹ̀hónú hàn lẹ́yìn tí a fagi lé ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1993.

Ó kú ní ọdún 1994. Yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tí ó wà ní Ìjàgún, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún 2005. Mayflower ṣì wà ní Ìkẹ́nnẹ́.