Àlùfáà Samuel Johnson, Òpìtàn tí Kò Bo Òótọ́ Mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù June, ọdún 1846, ni a bí Samuel Johnson ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́, láti ìran Aláàfin Abíọ́dún, ni baba rẹ̀. Òwò ẹrú ni ó gbé e dé ilẹ̀ àjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí ọmọ náà yóò kọ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀.

Ní ìgbà èwe rẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ padà wá sí Ìbàdàn. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó sì di olùkọ́ ilé ìwé ní Ìbàdàn. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà, láti 1877 dé 1893, ó jẹ́ ońṣẹ́ láàárín Aláàfin, àwọn olórí ogun àti Gómìnà Èkó. Òun àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí ó ṣe làálàá kí ìwé àdéhùn àlàáfíà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1886. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe olùṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́.

Ohun kan ń dùn ún: àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ara wọn. Nítorí náà ó jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó kọ ọlá àwọn ọba. Ó kọ ìwà ìkà wọn pẹ̀lú. Ó kọ bí Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin Aólẹ̀, àti bí Yorùbá ti ń kó Yorùbá lẹ́rú. Ìbàdàn tí ó tọ́ ọ dàgbà kò bọ́ nínú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn òpìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ wí pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ọ̀pọ̀ ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ ni wọ́n fi ń bá a jiyàn.

Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé náà. A fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọjọ́ 29 oṣù April, ọdún 1901, kò fojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ṣa àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, ó sì tún un kọ. Òun náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde.

Ní nǹkan bí ọdún 2009, a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ètò ilé ìwé Nàìjíríà, kí a tó dá a padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ wa rántí olùkọ́ Ìbàdàn yìí. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí a fi ibi tí baba rẹ̀ ti kọsẹ̀ pamọ́ fún, níbẹ̀ gan-an ni òun náà yóò ti kọsẹ̀.