Nils Middelboe: àjèjì àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea

Tí ẹ bá ní kí olólùfẹ́ Chelsea kan ka orúkọ àwọn àjèjì tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, Drogba, Zola, Babayaro àti Mikel Obi ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ṣíwájú gbogbo wọn. Ọmọ orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì ni, Nils Middelboe lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1913 ló dé Stamford Bridge, kò sì gba owó oṣù kankan lọ́wọ́ Chelsea títí tó fi kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún 1887 ni wọ́n bí Middelboe. Inú ìdílé tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ló ti jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kristian, náà gbá bọ́ọ̀lù fún Dẹ́nmáàkì. Ẹgbẹ́ KB nílùú Copenhagen, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1876, ni Nils ti di gbajúmọ̀. Ọkùnrin náà ga fíofío, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, ó sì tún máa ń bá wọn díje nínú eré sísá àti fífò.

Lọ́dún 1908, ìdíje Òlíḿpíìkì wáyé nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni Dẹ́nmáàkì ti kojú ikọ̀ kejì ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá. Middelboe ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ náà, góòlù yẹn sì ni àkọ́kọ́ fún ikọ̀ Dẹ́nmáàkì nínú ìdíje Òlíḿpíìkì tí àkọsílẹ̀ gbà wọlé. Góòlù 9 sí òdo ni wọ́n fi fàgbà han Faransé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tún gbá ikọ̀ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Faransé ní 17 sí 1. Nínú góòlù 17 yẹn, Sophus Nielsen nìkan ló gbá 10 wọlé! Bìrìtéènì ló wá dá wọn dúró ní àṣekágbá pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo, ni Dẹ́nmáàkì bá gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nílùú Stockholm, Dẹ́nmáàkì àti Bìrìtéènì tún pàdé ní àṣekágbá. Láyé ìgbà yẹn, kò sí pé à ń fi ẹnì kan rọ́pò ẹlòmíì. Nígbà tí Charles Buchwald ṣèṣe, agbábọ́ọ̀lù 10 ni Dẹ́nmáàkì fi parí ayò náà. Wọ́n pàdánù ní 4 sí 2. Bí Middelboe ṣe gba fàdákà kejì nìyẹn.

Iṣẹ́ báńkì ló gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1913, ibẹ̀ ló sì ti wọ Chelsea. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa: lásìkò yẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gbá a nítorí ìfẹ́ eré nìkan. Kódà fún àwọn tó ń gbowó, òfin ò gbà kó ju pọ́n-ùn 5 lọ́sẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í gbowó ni Middelboe wà. Owó tó ń jẹ, láti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní báńkì ló ti ń wá. Síbẹ̀, Chelsea fi ọkùnrin àjèjì yìí ṣe balógun ikọ̀. Àwọn olólùfẹ́ wọn sì ń pè é ní Great Dane, orúkọ irú ajá gìrìwò kan, nítorí ìlú tó ti wá àti bó ṣe ga tó.

Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ gba ọdún mẹ́rin lọ nínú ìgbà tí ara rẹ̀ le jù, torí pé wọ́n dá líìgì dúró láti 1915 sí 1919. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46 péré ni àkọsílẹ̀ kà fún un ní Chelsea. Ó tún padà sí Òlíḿpíìkì nílùú Antwerp lọ́dún 1920, àmọ́ Sípéènì fi góòlù kan ṣoṣo lé Dẹ́nmáàkì jáde. Lẹ́yìn Chelsea, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Casuals àti Corinthian, àwọn ẹgbẹ́ tí kì í san owó fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó padà sílé, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá KB, ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Dẹ́nmáàkì lọ́dún 1940.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ gan-an ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1930, Arsenal fẹ́ mú Rudi Hiden, aṣọ́lé ọmọ ilẹ̀ Austria, wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fárígá pé àwọn àjèjì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílé. Lọ́dún 1931, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé àjèjì tó bá fẹ́ gbowó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì nílùú wọn. Ta ló máa jókòó sílùú onílùú fún ọdún méjì láìṣiṣẹ́? Bí ilẹ̀kùn ṣe tì nìyẹn, fún nǹkan bí ọdún 47.

Middelboe kú lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, kò rí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn náà ṣí. Ọdún 1978 ni wọ́n mú òfin náà kúrò, tí Ardiles àti Villa fi wá láti Ajẹntínà sí Tottenham. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1999, Chelsea bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Southampton láìsí ọmọ Bìrìtéènì kankan láàárín àwọn 11 tó kọ́kọ́ wọ pápá. Babayaro wa wà lára wọn. Àpapọ̀ àjèjì ni ikọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, nínú ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ báńkì láti Dẹ́nmáàkì ti jẹ́ àjèjì kan ṣoṣo nígbà kan.