Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Ohun tí Òfin Gbà, tí Ìwà Kọ̀

Ní oríta Challenge ní ìlú Ìbàdàn ni a gbé ère obìnrin kan kalẹ̀ sí, ẹni tí àwọn kan ń yìn, tí àwọn mìíràn sì ń bú títí di òní. Obìnrin náà ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ọmọ Ẹ̀gbá, tí ó jẹ oyè Ìyálóde Ìbàdàn lẹ́yìn Ìyáọlá.

Òwò ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó ní oko tí àwọn ẹrú ń ro fún un, ó sì ń fún àwọn jagunjagun ní ohun ìjà láwìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1860. Ìtàn sọ pé láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti yigbì, tí ó fi pàṣẹ pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, àti pé ikú ni èrè ẹni tí ó bá rú àṣẹ náà. Àwọn òpìtàn kan gbà pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ bù kún ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó ti wù kí ó rí, àṣà ìgbà náà fi ẹ̀mí ẹrú sí ọwọ́ olówó rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àgbà mọ̀ pé bí a ti bí ẹrú náà ni a bí ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn. Wọ́n ní kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí i, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó bọ̀. Nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan tí ó mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀ ẹrú. Ìyálóde bẹ̀bẹ̀, ó sì ná owó, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ lóyè ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1874.

Ìdájọ́ náà kò tán síbẹ̀. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lórí ibùsùn, pẹ̀lú ìmọ̀ Kúmúyìílọ, ọmọ tí ó gbà tọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, àwọn ìjòyè wádìí ọ̀ràn náà. Wọ́n pa àwọn ẹrú apànìyàn náà ní gbangba. Kúmúyìílọ pàdánù ipò rẹ̀ nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ sí i. Ààrẹ tí ó lépa obìnrin náà kò dúró níwájú adájọ́ kankan.

Ẹ̀yin ònkàwé, ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín fún wa. Òfin tí kò ní ohùn nígbà tí a ní ẹrú ń kú ni ó wá rí ohùn nígbà tí ẹrú pa olówó rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe ohun kan, kí a má ṣe béèrè pé òfin ha gbà á nìkan. Kí a béèrè pẹ̀lú bí ọmọlúàbí yóò bá lè ṣe é.