Látúndé Ọdẹ́kú, oníṣègùn ọpọlọ

Ní ọdún 1927 ni a bí Látúndé Ọdẹ́kú ní ìlú Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ. Ìtàn ayé rẹ̀ kan gbogbo wa, nítorí pé inú orí ni àṣẹ tí ń mú wa mí ti ń wá.

Ó lọ sí ilé-ìwé gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ìlú Èkó. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì wọ Yunifásítì Howard ní ìlú Washington. Ní ọdún 1954 ó gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn. Kò dúró níbẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Michigan láti kọ́ bí a ṣe ń la agbárí, kí a sì tún ọpọlọ ṣe láìpa ẹni náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí ènìyàn ṣe ń mí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀dọ̀fóró ń mí fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: bí kò bá sí ọwọ́ tí ń fín in, kò lè fẹ́ atẹ́gùn. Ọwọ́ tí ń fín in ni ẹran pẹlẹbẹ tí ó wà láàrin àyà àti ikùn, pẹ̀lú àwọn ẹran tí ó wà láàrin egungun ìhà.

Ta ni ó ń pàṣẹ fún ọwọ́ náà? Ibi kékeré kan ni, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Tọ̀sán-tòru ni ó ń pàṣẹ, kódà nígbà tí a bá sùn. Àwọn iṣan tín-ín-rín tí ó gba ọrùn jáde ni ó ń gbé àṣẹ náà dé àyà. Nítorí náà, bí ọrùn ènìyàn bá ṣẹ́ lókè, èémí rẹ̀ lè dúró.

Bí a bá ru iṣu láti oko Doguè wá sílé, afẹ́fẹ́ tí ara ti lò yóò pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ibi kékeré náà yóò mọ̀, yóò sì pàṣẹ pé kí èémí yára. Àyà náà yóò rán ìròyìn padà sí ọpọlọ. Bí ohun tí ọpọlọ ń béèrè bá ju ohun tí àyà lè ṣe lọ, ènìyàn yóò máa mí hẹlẹ, yóò sì rò pé èémí fẹ́ tán nínú òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún aláìsàn tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti fún.

Ní ọdún 1962 Ọdẹ́kú padà wálé. Ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH, ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé ẹni tí ó fi orí gbá ilẹ̀ lọ. Agbárí le bí ìkòkò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Yóò máa ti ọpọlọ sísàlẹ̀, títí yóò fi tẹ ibi tí àṣẹ èémí ti ń wá. Nígbà náà ẹni náà lè máa hanrun, kí èémí rẹ̀ máa dúró, kí ó sì dákẹ́. Bí oníṣẹ́-abẹ bá tètè lu agbárí náà, tí ó fa ẹ̀jẹ̀ jáde, èémí lè padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni ó wà fún iṣẹ́ náà. Bí òkè òkun nìkan bá ni oníṣẹ́-abẹ wà, òkú ni a óò gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìpadàbọ̀ Ọdẹ́kú fi ṣe pàtàkì.

Ó kọ́ àwọn mìíràn ní iṣẹ́ náà, kí ó má bàa kú pẹ̀lú òun. Ó tún kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, ó kú ní ìlú London, ní ẹni ọdún 47. Ilé-ìkàwé ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ń gun alùpùpù lójú ọ̀nà Savalou sí Bassila àti Djougou, ẹ máa dé kásìkì yín, kí ẹ sì so okùn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi orí gbálẹ̀, ẹ má ṣe gbọn ọrùn rẹ̀. Bí ó bá ń bì, tí ó ń hanrun, tàbí tí a kò lè jí i, ẹ má ṣe sọ pé oorun ni. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.