Joseph Haydn àti Dùùrù Bàbá Rẹ̀

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ẹgbẹ́ akọrin bá dìde láti kọ orin Síónì ìlú Ọlọ́run tí Alùfáà John Newton kọ, ohùn tí a sábà máa ń fi gbé e ni èyí tí ìwé ohùn orin pè ní Austria. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ohùn náà láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ ẹni tí ó ṣe é. Joseph Haydn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ oníṣẹ́ igi kan ní abúlé. Ìtàn ẹni náà ni a fẹ́ sọ ní oṣù yìí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ó pẹ́ láyé, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Ohun tí àwa fẹ́ dúró lé jù ni orin tí ó kọ́kọ́ gbọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀, nítorí òun tìkára rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀ títí ó fi di arúgbó.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1732, ni a bí i ní Rohrau, abúlé kan lẹ́bàá odò Leitha ní ilẹ̀ Ọ́síríà, níbi tí kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Húngárì. Mathias bàbá rẹ̀ ni ó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù fún àwọn àgbẹ̀ tí ó sì ń gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun náà ni a sì fi ṣe alábòójútó ọ̀ràn ìlú. Anna Maria ìyá rẹ̀ ti ṣe alásè ní ààfin ìjòyè Harrach, ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà, kí ó tó lọ sí ilé ọkọ. Ọmọ méjìlá ni obìnrin náà bí fún Mathias, mẹ́fà nínú wọn sì kú ní kékeré. Joseph ni ìkejì.

Nígbà tí Mathias wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó rìn jìnnà láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ní ìlú òkèèrè, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn. Ní ìrìnàjò yìí ni ó ti kọ́ dùùrù olókùn títa, irú èyí tí Dáfídì ń ta níwájú Sọ́ọ̀lù. Kò mọ àmì orin kan ṣoṣo nínú ìwé. Etí ni ó fi kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì gbà á. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí ilẹ̀ bá ṣú, yóò gbé dùùrù náà sí itan, ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa kọrin sí i, àwọn ọmọ yóò sì máa gbè é. Orin àwọn ará oko ni, orin tí kò le, tí kò sì gùn. Joseph, ẹni tí wọ́n ń pè ní Sepperl nínú ilé, a máa jókòó lórí àga gbọọrọ tí ó wà lẹ́bàá ààrò, yóò mú igi kan lé apá òsì bí ẹni pé fayolíìnì ni, yóò sì máa fi igi kejì fà á lọ fà á bọ̀. Igi náà kò dún rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò sí ọ̀kan nínú orin bàbá rẹ̀ tí kò lè kọ láìṣìnà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí a béèrè ìtàn ayé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo Yúróòpù sì ti mọ orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ńlá. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tí kò mọ ìwé orin ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó sì ṣe ní ọjọ́ kan, ìbátan wọn kan tí ń jẹ́ Johann Mathias Frankh wá sí ilé náà. Olùkọ́ ilé-ìwé ni ọkùnrin yìí ní Hainburg, òun sì ni ó ń darí orin ìjọ Àgùdà ibẹ̀. Ó wo ọmọ náà àti igi rẹ̀, ó sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò já orin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí wọ́n fi ọmọ náà fún òun. Ìyá Joseph ti ní i lọ́kàn pé àlùfáà ni ọmọ yìí yóò dà. Wọ́n sì fi yé e pé ọmọ tí ó bá mọ orin àti ìwé ti sún mọ́ pẹpẹ ní ìdajì ọ̀nà. Obìnrin náà gbà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́fà tàbí kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé é nígbà tí ó fi ilé sílẹ̀, kò sì tún padà gbé lábẹ́ òrùlé àwọn òbí rẹ̀ mọ́ láéláé.

Àwa tí a fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní kékeré kò nílò kí a ṣe àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ó mọ ohun tí ó jẹ́ fún ọmọdé láti jí ní ilé ẹlòmíràn, kí ó sì máa retí ohùn ìyá rẹ̀ kí ó má gbọ́ ọ.

Ní Hainburg, ẹgba tí Joseph jẹ ju oúnjẹ tí ó jẹ lọ. Òun tìkára rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò bìkítà fún aṣọ rẹ̀, ìdọ̀tí sì gbilẹ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tì í, nítorí ìyá rẹ̀ kì í fi àyè gba ìdọ̀tí. Wọ́n dé e ní irun àtọwọ́dá kí orí rẹ̀ lè dàbí èyí tí ó mọ́, ó sì rí bí ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún lára. Síbẹ̀ kò bú Frankh. Ó máa ń sọ pé òun yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà títí òun yóò fi wọ ibojì, nítorí ó kọ́ òun ní iṣẹ́. A mọ̀ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi òwe yìí bo ìwà ìkà àwọn àgbà mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ì bá mọ orin bí a tilẹ̀ bọ́ ọ yó.

Ìtàn kan wà nípa ìlù tí a kò lè ṣàìsọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọ máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lọ bẹ Ọlọ́run fún èso ilẹ̀, ẹni tí ń lu ìlù ńlá ní Hainburg kú. Kò sí ẹlòmíràn. Frankh pe Joseph, ó fi bí a ti ń mú ọ̀pá ìlù hàn án, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà wá agbọ̀n ìyẹ̀fun kan, ó ta aṣọ bò ó lójú, ó gbé e ka orí àga onítìmùtìmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lù ú tọkàntọkàn. Ìyẹ̀fun fò káàkiri, àga sì bàjẹ́, ìbáwí sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìlù náà ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó kúrú ju kí ìlù wà ní ipò tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o, bí ẹni gíga bá gbé e. Nítorí náà wọ́n wá abuké kan kí ó gbé ìlù náà níwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń kọjá. Ṣùgbọ́n ìlù kò ṣìnà. Nínú ilẹ̀ tiwa tí ọmọ onílù ti ń gbọ́ ìlù láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ìtàn yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1739, Georg Reutter, olórí akọrin ilé ìsìn ńlá St. Stephen ní Vienna, wá sí Hainburg láti ṣa àwọn ọmọdékùnrin olóhùn dídùn. Ó dán Joseph wò, ó sì béèrè ìdí tí kò fi lè mi ohùn rẹ̀ bí àwọn akọrin ńlá ti ń ṣe. Ọmọ náà dáhùn pé olùkọ́ òun pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Reutter fi hàn án. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ṣe é gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, Reutter sì bu èso ṣẹ́rì kún àpò rẹ̀. Nígbà tí ó di arúgbó, ó ní bí òun bá mi ohùn, òun a máa rò pé òun ń rí èso ṣẹ́rì wọ̀nyẹn.

Ọdún mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi kọrin ní Vienna. Ebi kò kúrò lára rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú; a máa fẹ́ràn kí wọ́n pe àwọn lọ kọrin ní ilé àwọn ọlọ́lá, nítorí wọn yóò rí nǹkan jẹ. Nígbà tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí Ọbabìnrin Maria Theresa sì ní ó ń kọ bí àkùkọ, ipò rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Michael àbúrò rẹ̀. Ní ọdún 1749 ó gé irun ẹ̀yìn orí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fún eré. Wọ́n nà án, wọ́n sì lé e jáde. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ mẹ́ta àti kóòtù kan tí ó ti gbó. Spangler, akọrin tálákà kan tí ó ní aya àti ọmọ ọwọ́, ni ó gbà á sí yàrá rẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Àwọn òbí rẹ̀ tún bẹ̀ ẹ́ kí ó wá ṣe àlùfáà. Ó kọ̀ fún wọn.

Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1754, nígbà tí ọmọ náà kò tíì di nǹkan kan. A kò lè ka ibi yìí láìdúró díẹ̀. Obìnrin tí ó ń kọrin lẹ́bàá ààrò kò rí èso kan nínú ohun tí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Bàbá rẹ̀ rí díẹ̀: ní ọdún 1761 Joseph wọ iṣẹ́ ìjòyè ńlá Esterházy, Mathias sì fi ojú rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ ilé náà. Ní ọdún 1763 òkìtì igi wó lù ú, ó sì kú.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni Haydn lò nínú iṣẹ́ àwọn Esterházy, ó ń ṣe orin ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń tọ́ àwọn onílù àti akọrin, ó sì ń bẹ olúwa rẹ̀ fún wọn. Ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún 1760 kò dùn, wọn kò sì bímọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé orin rẹ̀ a máa kọ ọ́ pé ní orúkọ Olúwa ni òun bẹ̀rẹ̀, ní ìparí rẹ̀ a sì kọ pé ìyìn ni fún Ọlọ́run.

Ìjòyè Nikolaus kú ní ọdún 1790, Haydn sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1791. Yunifásítì Oxford fi oyè ọ̀mọ̀wé orin dá a lọ́lá ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni èyí tí ó gbọ́ ní ọdún 1792 ní ilé ìsìn ńlá St. Paul ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí nǹkan bí 4,000 ọmọ ilé-ìwé àwọn tálákà ti kọ orin ìsìn kan tí kò le rárá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí orin tí ó tíì mì òun bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tí ó gbọ́ èyí lè ṣe kàyéfì pé ọ̀gá orin ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, orin kékeré àwọn ọmọdé sì ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ó yé àwa.

Nígbà tí ó padà dé Ọ́síríà ní ọdún 1795, wọ́n mú un lọ sí Rohrau, nítorí ìjòyè Harrach ti gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó wo òkúta náà, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Ilé rírẹlẹ̀ ni. Ní ẹnu ọ̀nà ó kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu ko ìloro. Lẹ́yìn èyí ó fi ìka han àwọn ọlọ́lá tí ó bá a wá ní àga tí ó wà lẹ́bàá ààrò, ó ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ òun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 63 ni nígbà náà.

Ní ọdún 1797 ni ó ṣe ohùn tí a sọ lókè, fún orin ìyìn Ọba ńlá Francis, nígbà tí ogun àwọn ará Faransé ń bọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé ó jọ orin àwọn ará oko agbègbè tí a ti bí i. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1798 ni a kọ́kọ́ kọ Ìṣẹ̀dá, orin rẹ̀ tí ó tóbi jù, láti inú ìwé Gẹ́nẹ́sísì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ọdún 1808, wọ́n gbé e lórí àga wá gbọ́ orin náà ní Vienna. Nígbà tí akọrin dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ, tí gbogbo ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́, ó gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn pé òkè ni ó ti wá. Ara rẹ̀ kò gbé e dé òpin. Wọ́n gbé e lọ sílé láàárín rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1809, ìbọn ńlá àwọn ọmọ ogun Napoleon ń dún lórí Vienna, ọ̀kan sì bọ́ sílẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e dé ìdí dùùrù rẹ̀ kí ó lè tẹ ohùn orin ti ọdún 1797 náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì yà á lẹ́nu pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31.